Ẹnì Kan Ṣí Kọ̀ǹpútà, Wi-Fi Gbogbo Ilé Dẹnu Kọlẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àwa mẹ́fà la jọ ń gbé ilé kan, ráútà kan ṣoṣo la sì ń lò. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn, bí ọ̀kan nínú wa tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn bá ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ báyìí, Wi-Fi ti bàjẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́ nìyẹn. Fídíò á máa dúró, ohùn á máa já lórí ìpè. Bó bá ti pa á, kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo nǹkan á fi padà sípò. Ó ń búra pé òun ò dáńlóòdù nǹkan kan. A wo ojú ráútà lóòótọ́, dátà tí ó ń lò kéré sí ti àwa yòókù. Àwọn kan ní irọ́ ló ń pa, ká yọ ọ́ kúrò lórí Wi-Fi. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé dátà tí ó ń lò kéré. Ẹ̀yin kà á sí ohun tó rúni lójú. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti là, nítorí pé ohun tí ẹ jọ ń pín lórí Wi-Fi kì í ṣe dátà. Àkókò ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí ìkànnì kan (ọ̀nà rédíò kan tí ráútà ń lò), títí kan ráútà fúnra rẹ̀, inú afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ tẹ́tí. Bí afẹ́fẹ́ bá pa rọ́rọ́, á ṣẹ́ kèké, á dúró fún ìwọ̀n ìgbà bíńtín tí kèké náà bá mú, lẹ́yìn náà ni á fi ìdì dátà kan ránṣẹ́. Bó bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, á dákẹ́ títí onítọ̀hún á fi parí. Òfin tó dára ni, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àmọ́ ìdì ni òfin náà ń kà, kì í wo aago. Àǹfààní kan náà ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní láti fi ìdì tirẹ̀ ránṣẹ́, bó ti wù kí ìdì ọ̀hún pẹ́ tó lórí afẹ́fẹ́.

Ìdì tó kún dáadáa jẹ́ báìtì 1,500, ìyẹn bíìtì 12,000. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ní 54 Mbps (ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì 54 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) á parí ẹ̀ láàárín nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 0.22. Ẹ̀rọ tó jìnnà, tí ìyára rẹ̀ ti já wá sí 1 Mbps, á lo mìlísẹ́kọ́ńdì 12 lórí ìdì kan náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀yin márùn-ún yòókù kàn ń wò ó lẹ́nu ni. Tó bá wá kan yín, ẹ óò ṣe tiyín kíá, yóò tún kan án, ẹ tún dúró. Ní ọdún 2003, Martin Heusse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé fi ìṣirò àti ìdánwò hàn pé bí ẹ̀rọ kan bá já láti 11 Mbps sí 1 Mbps, ìwọ̀n iṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀rọ yòókù ń rí ṣe á já tẹ̀lé e, á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó lọ́ra jù ló ń sọ bí gbogbo yín ṣe máa rìn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà mìíràn wò ó, torí ọ̀rọ̀ "dátà rẹ̀ kéré" yẹn. Ká ní ó lo 100 MB ní 1 Mbps. Láìka àwọn ìdúró àárín, ó ti gba afẹ́fẹ́ yín fún ìṣẹ́jú àáyá 800, ìyẹn ìṣẹ́jú 13 ó lé díẹ̀. Ẹlòmíràn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, tó lo 100 MB kan náà ní 200 Mbps, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ló gbà. Ojú ráútà á sì kọ 100 MB sí iwájú àwọn méjèèjì. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ẹ wò yẹn kò dá a láre, kò sì dá a lẹ́bi.

Mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí, mi ò sì tíì gbàgbé ẹ̀. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí Wi-Fi máa ń bàjẹ́ nígbàkígbà tó bá wọlé. Mo gbà pé fíìmù ló ń dáńlóòdù, mo sì sọ ọ́ létí àwọn ènìyàn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lọ dúró sẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin ńlá kan ló dínà láàárín òun àti ráútà, dísíìkì alágbèéká USB 3.0 sì wà lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. USB 3.0 máa ń ta ariwo sórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń lò, bí wáyà rẹ̀ kò bá ní ìbòrí tó dáa. Intel gan-an ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2012. A gbé dísíìkì náà jìnnà díẹ̀, a sún tábìlì, wàhálà parí. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba èyí gẹ́gẹ́ bí èsì tán. Afurasí kejì wà, òun náà kì í sì í hàn nínú dáńlóòdù: ohun tó ń jáde lọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló jẹ́ pé bí ẹ bá ti ṣí wọn báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán àti fáìlì lọ sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n. Arákùnrin yín lè búra tọkàntọkàn pé òun ò ṣe nǹkan kan, kó sì jẹ́ òótọ́ lójú ara rẹ̀. Bí ẹ bá tún padà sójú ráútà, ẹ wo òpó Upload pẹ̀lú. Èyí tó wà fún Download nìkan ni ojú ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ bá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ping méjì ni (ping ni àṣẹ tó ń wọn bó ṣe ń pẹ́ tó kí ìdì kékeré kan tó lọ tó sì padà dé), lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí kọ̀ǹpútà kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má fi fóònù ṣe é, torí fóònù máa ń sùn láàárín kó lè tọ́jú bátìrì, èsì rẹ̀ á sì ṣì yín lọ́nà. Ẹ ṣí ojú fèrèsé àṣẹ méjì (Command Prompt lórí Windows, Terminal lórí Mac àti Linux). Nínú ọ̀kan, ẹ ping àdírẹ́ẹ̀sì ráútà yín, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Nínú èkejì, ẹ ping 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8, tó wà níta. Lórí Windows, ẹ fi -t sí i kó má baà dúró lẹ́yìn mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kó máa lọ fún ìṣẹ́jú méjì nígbà tí kọ̀ǹpútà arákùnrin náà wà ní pípa. Ẹ wá ní kó ṣí i, kí ẹ sì máa wo nọ́ńbà.

Bí ping sí ráútà bá dúró sí mìlísẹ́kọ́ńdì méjì, mẹ́ta, márùn-ún bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí ti ìta wá fò sókè dé 300, 800, tàbí ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, afẹ́fẹ́ yín kò ní àìsàn. Ìlà tó jáde kúrò nílé ló dí. Bí ping sí ráútà fúnra rẹ̀ bá ń fò, tàbí tó ń sọnù, inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Àkíyèsí kékeré kan: àwọn ráútà kan ò lágbára, bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn wọn, wọ́n á jẹ́ kí ping dúró. Bí kọ̀ǹpútà kan bá wà tí ẹ fi wáyà so mọ́ ráútà, ẹ ṣe ping láti orí òun náà. Bí oníwáyà bá ń gbádùn nígbà tí àwọn oní-Wi-Fi ń jìyà, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ká kọ́kọ́ mú ti ìlà tó dí, torí kò gùn. Ọ̀pọ̀ ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ilé ló jẹ́ pé ọ̀nà ìjáde kéré gan-an sí ọ̀nà ìwọlé. Bí ẹ̀rọ kan bá ń tú fáìlì jáde ju bí ọ̀nà ṣe lè gbà á lọ, ráútà tàbí módẹ́ẹ̀mù á máa to àwọn ìdì náà jọ sínú àgbá ìdúró. Bí àgbá náà bá gba 1 MB, tí ọ̀nà ìjáde sì jẹ́ 1 Mbps, ìdì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀yìn á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ kó tó jáde. Inú ìlà kan náà sì ni ìpè yín, àtẹ̀jíṣẹ́ yín, àti àwọn ìdì kéékèèké tí kọ̀ǹpútà yín fi ń sọ pé "mo ti rí i gbà, ẹ mú òmíràn wá" jọ wà. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń jáde fi lè pa ohun tó ń wọlé lára. Jim Gettys, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ni ó sọ àìsàn yìí ní bufferbloat, lẹ́yìn tó rí i nínú ilé ara rẹ̀ ní 2010 nígbà tó ń kó fáìlì ránṣẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀: ẹ wọ inú ètò tó ń kó fáìlì yẹn, ẹ fi ààlà sí ìyára ìjáde rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kó máa ṣiṣẹ́ lóru. Èyí tó sàn jù ni kí ráútà fúnra rẹ̀ máa ṣètò ìlà náà. Bí ráútà yín bá ní SQM (ètò tó ń tọ́jú ìlà ìdúró), tàbí tó bá lè gba OpenWrt (ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi sínú ráútà), ẹ tan fq_codel tàbí CAKE, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to ìlà náà. Wọn kì í jẹ́ kí ìdì ẹnì kan ṣoṣo kún ojú ọ̀nà: wọ́n á pín ìlà fún oníkálukú, wọ́n á sì ju ìdì tó bá ti pẹ́ jù lọ́nà nù, kí ẹ̀rọ tó ń sáré lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun rọra. Kathleen Nichols àti Van Jacobson, àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, ló gbé ìpìlẹ̀ wọn kalẹ̀ ní 2012, fq_codel sì di RFC 8290, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2018. Ẹ wọn ìyára yín nígbà tí kò sí ẹlòmíràn lórí ìlà, kí ẹ wá fi nọ́ńbà tó tó nǹkan bí ìdá 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kó kéré sí ìyára gidi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ inú módẹ́ẹ̀mù ni ìlà á ti gùn, níbi tí ọwọ́ yín ò dé. Ní ti àwọn ojúewé QoS (ètò tó ń sọ ohun tó máa ṣáájú) àtijọ́ tó ní kí ẹ máa to "eré ìdárayá" ṣáájú "fídíò", mi ò rí èrè wọn rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú afẹ́fẹ́, torí ibẹ̀ ni mo ń fura sí jù. Ìdánwò tó yá jù kò gba owó, kò gba ìmọ̀: ẹ ní kí arákùnrin náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, nínú yàrá kan náà, kó sì máa ṣe ohun tó máa ń ṣe gan-an. Bí ara gbogbo yín bá yá, yàrá ẹ̀yìn ló jẹ̀bi. Bí kò bá yá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló jẹ̀bi, tàbí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ tún lè yí i padà: kí ẹlòmíràn nínú yín gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn ilé, kó sì wo fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fẹ́ràn èyí kejì nítorí pé ó máa ń pa àwọn tó ní irọ́ ló ń pa lẹ́nu mọ́.

Kí ó tó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ wo ìyára tó ń bá ráútà sọ̀rọ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ netsh wlan show interfaces, ẹ ó rí Receive rate (ìyára tó fi ń gbà) àti Transmit rate (ìyára tó fi ń ránṣẹ́), ní Mbps. Lórí Mac, ẹ di kọ́kọ́rọ́ Option mú kí ẹ tó tẹ àmì Wi-Fi, á kọ RSSI (agbára ìgbì) àti Tx Rate (ìyára tó fi ń ránṣẹ́). Lórí Linux, iw dev, orúkọ káàdì Wi-Fi yín, lẹ́yìn náà link. Agbára ìgbì ni Mac àti Linux máa ń fi dBm kọ (Windows sábà máa ń kọ ọ́ sí Signal ní ìdá ọgọ́rùn-ún), òdì ni nọ́ńbà dBm, èyí tó bá sì sún mọ́ òdo ló dáa jù. −50 dára gan-an. −67 ṣì tó fún ìpè àti fídíò. Bí ẹ bá rí −80, tí Transmit rate sì wà ní nǹkan bí 1, 2, tàbí 6, ẹ ti rí ẹni tí ẹ ń wá, kì í sì í ṣe ènìyàn. Ẹ rántí pé ìdì tó bá sọnù lọ́nà, wọ́n á tún un rán léraléra kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀, gbogbo àtúnrán yẹn ló sì ń jẹ nínú àkókò yín.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àtúnṣe tó yá jù ni kí ẹ pínyà. Ọ̀pọ̀ ráútà tòní ló ní rédíò méjì, 2.4 GHz àti 5 GHz, afẹ́fẹ́ wọn kò sì kan ara wọn. Ẹ fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ̀yin tó sún mọ́ ráútà kó lọ sí 5 GHz pátápátá, kí òun nìkan dúró sórí 2.4, tó máa ń la ògiri kọjá dáadáa ju 5 lọ. Bó bá lọ́ra títí di ọ̀la, ara rẹ̀ ló ń dá dúró. Lórí 2.4 yẹn, ẹ fi ráútà sí ìkànnì 1, 6 tàbí 11, kí ẹ yan èyí tí ráútà àwọn aládùúgbò kò pọ̀ lórí rẹ̀, kì í ṣe 3 tàbí 8, tí yóò kan ìkànnì méjì lápá.

Èyí tó máa pẹ́ jù lọ ni kí ẹ fa wáyà kan lọ sẹ́yìn ilé, kí ẹ so ráútà kékeré kan mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí access point, ìyẹn ibùdó Wi-Fi kejì. Ẹ fún un ní ìkànnì ọ̀tọ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń tún ìgbì sọ, tí ẹ máa kàn ki bọ iná lójú ògiri. Mi ò ní bá yín dá sí i. Èyí tó ní rédíò kan ṣoṣo nínú wọn máa ń gbọ́ ìdì kan, á tún tún un sọ lórí ìkànnì kan náà, ìdì kan á wá gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń dùn yín gan-an ló ń fi kún.

Nínú ráútà tó bá lajú díẹ̀, ẹ wá Airtime Fairness, kí ẹ tàn án: òun ló ń mú kí ráútà máa pín àkókò dípò ìdì, nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rán sí yín. Ẹ tún lè pa ìyára àtijọ́ ti 802.11b (irú Wi-Fi ìgbà àtijọ́ kan), ìyẹn 1, 2, 5.5 àti 11 Mbps, kó má sí ẹni tó lè bọ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí o. Ẹni tó wà lókèèrè lè má rí Wi-Fi mọ́ rárá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ náà lè dákẹ́, ìyẹn á sì jọ pé ẹ yọ ọ́ kúrò lóòótọ́.

Ọ̀ràn kan wà tó máa ń fara jọ èyí: kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ẹ̀yìn kò gbọ́ ti ẹni tó wà ní iwájú ilé, àmọ́ ráútà tó wà láàárín ń gbọ́ àwọn méjèèjì. Oníkálukú á rò pé afẹ́fẹ́ dákẹ́, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀, ráútà ò ní gbọ́ nǹkan kan. Àmì rẹ̀ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lò ó dáadáa, bí àwọn méjèèjì bá jọ wà ló ń bàjẹ́. Rédíò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí mo sọ lókè yanjú ìyẹn náà.

Ó ku àwọn afurasí tí mi ò fọkàn sí tó bẹ́ẹ̀ lórí tiyín. Bó bá jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì máa ń lọ pátápátá ni, tí kì í ṣe pé ó lọ́ra, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo Default Gateway, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì ráútà tí kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá ti yàtọ̀ sí ti ráútà yín, ẹnì kan ti so ráútà tirẹ̀ mọ́ wáyà ilé, ó sì ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún yín. Bí gateway bá tọ̀nà, àmọ́ tí àṣẹ arp -a fi àdírẹ́ẹ̀sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) hàn tó yàtọ̀ sí èyí tó wà fún ráútà, ẹ̀rọ mìíràn ń pe ara rẹ̀ ní ráútà. Ó lè jẹ́ àṣìṣe, ó sì lè jẹ́ ètò tí àwọn kan ń fi gé ẹlòmíràn kúrò lórí Wi-Fi. Èyí nìkan ni màá pè ní ìwà ìkà nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀. Bí ojúewé tuntun kò bá ṣí, àmọ́ tí ìpè tó ti wà tẹ́lẹ̀ ń lọ geere, ó ṣeé ṣe kí torrent (ètò tó ń pín fáìlì láàárín ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà) ti fi àìmọye ìsopọ̀ kún ìrántí ráútà. Ẹ ní kó dín iye ìsopọ̀ kù nínú ètò náà.

Ní ti yíyọ ọ́ kúrò: bí ẹ bá fi MAC dínà rẹ̀, kò dájú pé á pẹ́, torí fóònù láti Android 10 àti iOS 14 wá ti máa ń fi MAC àtọwọ́dá wọ Wi-Fi. Tẹ́ ẹ bá sì yọ ọ́, ẹni tó bá gba yàrá yẹn lẹ́yìn rẹ̀ á bá ìṣòro kan náà níbẹ̀.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sún mọ́ ráútà lálẹ́ òní. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ nọ́ńbà ping méjèèjì, Upload rẹ̀, àti dBm tí ẹ rí ní yàrá ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí mi. Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin márùn-ún ẹ bọ́ sórí 5 GHz, kí ẹ fi 2.4 sílẹ̀ fún un.